Ìlú mẹ́sàn-án lọ́jọ́ méjìlá ní Japan? Màmá, ẹ jẹ́ ká dín in kù

Màmá kan kọ̀wé sí mi láti London. Mo gé ìwé náà kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn nìyí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti Dádì àwọn ọmọ fẹ́ lọ ṣe fàájì ní Japan ní oṣù kẹwàá, ọjọ́ 12. Dádì ń pé ọdún 65, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ariwo ìlú ńlá, òkè àti abúlé ni àwọn fẹ́ rí. Ọmọ wa ti to ìlú mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún wa: Tokyo, Nikko, Narai, Tsumago, Takayama, Shirakawa-go, Wajima, Kanazawa àti Kyoto. Ó ní ká ra JR Pass tí a ó fi wọ gbogbo rélùwéè. Orúnkún Dádì ń dùn wọ́n, wọn ò sì lè fi ẹja tútù tí a ò sè sẹ́nu. Ṣé ó máa ṣeé ṣe báyìí, àbí ká kúkú bá àwọn tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èèyàn rìnrìn àjò lọ? Àti pé, ẹ má rẹ́rìn-ín o, ṣé òótọ́ ni pé ìhòòhò ni wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀?"

Ẹ kú ètò o, Màmá. Ẹ bá mi kí Dádì kú oríire ọjọ́ ìbí wọn tó ń bọ̀. Ìbéèrè yín pọ̀, ṣùgbọ́n bí mo ṣe kà á, ohun kan ṣoṣo ló ń dà yín láàmú: ẹ̀rù ń bà yín kí fàájì tí ẹ fowó iyebíye ṣe má lọ di làálàá. Ẹ ò jayò pa. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé ní Nagoya, ìlú ńlá tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gbéra lọ sí àwọn òkè tí Dádì fẹ́ rí yẹn, mo sì ti sin àlejò lọ síbẹ̀ títí mi ò fi ka iye wọn mọ́. Nínú àwọn tó padà dé tí wọ́n ń ráhùn, mi ò tíì rí ẹnì kan tó ní ìlú tí òun rí kéré. Bí ó ṣe rẹ àwọn tó ni gbogbo wọn máa ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àlejò níbẹ̀ máa ń fẹ́ kí ẹ ti jáde ní aago mẹ́wàá àárọ̀, wọn ò sì ní gba àlejò tuntun wọlé títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Wákàtí márùn-ún nìyẹn tí ẹrù wà lọ́wọ́ yín tí ẹ ò níbi tí ẹ ó na ẹsẹ̀ sí. Tí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kò ní pa yín lára. Tí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ láàárín ọjọ́ 12, ibùdókọ̀ ni ẹ lọ wò ní Japan. Ọmọ yín ò ṣe ohun burúkú, máàpù orí fóònù ló tàn án. Lórí máàpù, ìlú kan sí èkejì kò ju ìbú ìka lọ. Òkè ló wà láàárín wọn, bọ́ọ̀sì tó sì ń gba àárín òkè náà lè má ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lójúmọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí máàpù ò lè sọ. Ojú méjì ni àwọn ìlú kéékèèké yẹn ní. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn tó wá fún wákàtí kan péré ló ń kún ibẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò máa tò sẹ́yìn ẹlòmíì ni. Ẹ wá dúró kí ilẹ̀ ṣú. Tó bá ti ń lọ sí aago márùn-ún ní Tsumago, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti pátákó ilẹ̀kùn ìsọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbàà, gbàà, láti orí òpópónà dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, omi òkè tó ń ṣàn sínú ọpọ́n igi lẹ́bàá ọ̀nà nìkan lẹ ó máa gbọ́. Wọ́n á tan fìtílà tí wọ́n fi pépà bò síwájú ilé. Ológbò kan á gba àárín ọ̀nà kọjá, á máa yan bíi pé òun ni baálẹ̀. Nǹkan tí Dádì ń wá nìyẹn, owó ibùsùn alẹ́ sì ni wọ́n fi ń rà á. Ẹni tó bá bá bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin lọ ò lè rí i láé.

Ó dáa kí ẹ mọ ohun tó jẹ́ kí ìlú náà rí bẹ́ẹ̀, torí ohun kan náà ló máa fa gbogbo ìṣòro tí mo fẹ́ kìlọ̀ fún yín. Tsumago wà lójú ọ̀nà Nakasendo, ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tó gba inú òkè láti Edo, tí í ṣe Tokyo òde òní, dé Kyoto. Ó tó 530 kìlómítà, ibùdó ìsinmi 69 ló sì wà lójú rẹ̀. Tsumago ni ìkejìlélógójì. Nígbà tí wọ́n parí ojú irin Chuo ní 1911, bèbè odò Kiso ló gbà, ó yà fún Tsumago. Òwò kú, àwọn ọ̀dọ́ kó ẹrù wọn lọ sí ìlú ńlá. Àìrówó yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n wó ilé àtijọ́. Ta ló fẹ́ rówó wó ilé bàbá rẹ̀ láti fi kọ́ alájà? Ìgbà tó di 1971, àwọn ará ìlú fúnra wọn fẹnu kò lórí òfin mẹ́ta nípa ilé àti ilẹ̀ wọn: a ò ní tà á, a ò ní fi háyà, a ò ní wó o. Magome tó wà ní ìdàkejì òkè ò rí irú oríire bẹ́ẹ̀, iná ńlá jó o ní 1895 àti 1915, wọ́n tún un kọ́ ni. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Tsumago ni kí ẹ sùn.

Àwọn ọ̀dọ́ tó lọ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ò padà. Nígbà tí ìjọba Japan ka ilé ní 2023, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án ni kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹ ronú ohun tí ìyẹn ń ṣe sí abúlé: awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń dín kù, ìyá olóúnjẹ ti dàgbà, á sì tìlẹ̀kùn nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá àwọn tó bá sọ pé "fàájì la fẹ́ ṣe, a ò ní ṣètò kankan" jà. Ní Tokyo, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní abúlé, ebi ló máa pa yín sùn. Ilé àlejò àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní ryokan, àti minshuku tí í ṣe ilé onílé tó ń gba àlejò, orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbowó lé, oúnjẹ alẹ́ àti tàárọ̀ sì máa ń wà nínú owó náà. Aago mẹ́fà ni oúnjẹ alẹ́. Tí wọ́n bá ní mẹ́fà, mẹ́fà náà ni o.

Ojú mi rí i. Ní ọdún kejì tí mo débẹ̀, mo mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí abúlé kan, a ń ya fọ́tò, bọ́ọ̀sì ìkẹyìn sì fi wá sílẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí aago mẹ́jọ lù kí a tó dé. Ìyá onílé dúró síta nínú òtútù pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Kò bínú rárá. Ẹja tó ti sun sílẹ̀ láti aago mẹ́fà ti gan bí igi, ó wá ń tẹrí ba bẹ̀ wá nítorí ẹja tí àwa fúnra wa bà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá rí i pé mo máa pẹ́, mo ti ń tẹ wọ́n láago kí aago márùn-ún tó lù.

Nítorí náà, bí èmi ì bá ṣe tò ó rèé. Ẹ sùn ní Tokyo fún alẹ́ méjì kí oorun yín lè bá aago ibẹ̀ mu. Ẹ wọ Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá, lọ sí Nagoya, nǹkan bíi wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, kí ẹ wá wọ ọkọ̀ ojú irin Shinano lọ sí Nakatsugawa, ìyẹn tó àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ibẹ̀ lẹ ó ti wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré dé Nagiso, takisí á sì gbé yín dé Tsumago kí ẹ tó sọ pé kí ló dé. Ẹ lo alẹ́ méjì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Takayama fún alẹ́ mẹ́ta. Fóònù yín á ní kí ẹ padà sí Nagoya kí ẹ tó lọ, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Tajimi lójú ọ̀nà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré dé Mino-Ota, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Hida níbẹ̀. Odò àti àfonífojì ló máa wà lójú fèrèsé yín títí ẹ ó fi dé. Kanazawa fún alẹ́ méjì, ẹ padà sí Tokyo fún méjì tó kù. Mo yọ Nikko, Narai àti Kyoto kúrò. Ó dùn mí nítorí Narai, àmọ́ ẹni tó bá ti sun Tsumago ti rí irú rẹ̀. Wajima ńkọ́? Ilẹ̀ tó mì ní agbègbè Noto ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024 ṣe ibẹ̀ léṣe púpọ̀, iná jó ọjà àárọ̀ wọn tó lókìkí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ náwó fún wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí èèyàn ń yà sí láìkọ́kọ́ béèrè bí nǹkan ṣe rí.

Takayama ni kí ẹ fi ṣe ibùjókòó. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, orúnkún Dádì á dúpẹ́. Ọjà àárọ̀ wà lẹ́bàá odò Miyagawa, àwọn ìyá àgbà tó ń ta ápù àti ewébẹ̀ á fún yín tọ́ wò. Lójú títì àtijọ́, tí ẹ bá rí ohun rìbìtì kan tí wọ́n fi ewé igi kédárì ṣe tó rọ̀ níwájú ilé, ilé tí wọ́n ti ń pọn ọtí ìrẹsì nìyẹn. Tí rìbìtì náà bá tutù yọ̀yọ̀, ọtí tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bó bá ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ọtí náà ti ń gbó. Ìlú kékeré Furukawa ò ju ìṣẹ́jú 15 lọ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹja aláwọ̀ oríṣiríṣi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú gọ́tà omi mímọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká funfun. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ò bá fẹ́ ṣe nǹkan kan.

Shirakawa-go, àádọ́ta ìṣẹ́jú ni bọ́ọ̀sì ń lò láti Takayama, bọ́ọ̀sì Kanazawa náà sì ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ lè fi ọ̀sán ọjọ́ tí ẹ ń lọ wò ó. Ilé koríko ibẹ̀ ni òrùlé rẹ̀ gùn gàgà bí ẹni pa ọwọ́ méjì pọ̀ gbàdúrà, kí yìnyín lè máa yọ́ gẹ́rẹ́ bọ́ sílẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń sin kòkòrò sílíìkì lókè àjà. Okùn àti ọ̀pá igi ni wọ́n fi de òrùlé náà, kò sí ìṣó. Ohun tó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ṣe ń yí koríko òrùlé pa dà. Wọ́n ń pè é ní yui: gbogbo abúlé á jáde sórí òrùlé ẹnì kan lónìí, lọ́jọ́ mìíràn ó di ti ẹlòmíì. Àwọn kan nínú wa ń pè é ní ọ̀wẹ̀. Rárá o, àáró ni, torí gbèsè iṣẹ́ ni, dandan ni kí ẹ lọ san án fún ẹnìkejì. Àjọ UNESCO gba abúlé náà wọ ìwé ohun àjogúnbá ayé ní 1995, láti ìgbà náà ni èrò ò ti jẹ́ kó sinmi.

Ọ̀rọ̀ JR Pass. Ìmọ̀ràn ọmọ yín dáa nígbà kan, ó ti di ọ̀rọ̀ àná. Ní oṣù kẹwàá 2023, wọ́n gbé ti ọjọ́ méje láti 29,650 yen sí 50,000. Tí mo bá ro owó ọkọ̀ ojú irin inú ètò tí mo là sílẹ̀ yìí pọ̀, kò lè ju nǹkan bí 35,000 lọ fún ẹnì kan, ọjọ́ tí ẹ ó fi ná an sì ju méje lọ. Bọ́ọ̀sì Shirakawa-go náà ò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń sáré kiri ni páàsì yẹn wà fún. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì yín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ò mẹ́nu ba ọ̀nà ẹsẹ̀ láàárín Magome àti Tsumago, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Dádì á fẹ́ rìn ín tí wọ́n bá ti débẹ̀. Kìlómítà mẹ́jọ ni, wákàtí méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Gbogbo èèyàn á sọ fún yín pé láti Magome ló rọrùn, torí òkè tí ẹ ó gùn kò pọ̀. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ìdà kejì ọ̀rọ̀ wà: ìsọ̀kalẹ̀ gígùn ló wà ní ìhà Tsumago, òun gan-an ló sì ń fìyà jẹ orúnkún. Ohun tí mo bá àwọn àgbàlagbà ṣe ni pé ká wọ bọ́ọ̀sì dé góńgó òkè, ká rìn díẹ̀ dé ilé tíì kan láàárín igbó, níbi tí àwọn ará àdúgbò ti ń bu tíì fún arìnrìn-àjò lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́bàá ààrò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ká wá padà sí ibi tí bọ́ọ̀sì ti já wa sílẹ̀. Agogo wà lójú ọ̀nà tí ẹ ó máa lù kí béárì lè gbọ́ pé èèyàn ń bọ̀. Kì í ṣe àwàdà, ẹ lù ú. Èmi kì í ṣe dókítà, nítorí náà ẹni tó mọ orúnkún Dádì ni kó sọ bóyá èyí náà ò pọ̀ jù.

Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ibùsùn sí nínú ryokan, lórí ẹní koríko tí wọ́n ń pè ní tatami, tábìlì wọn sì kúrú. Àtidìde láàárọ̀ lè di ìjà. Nígbà tí ẹ bá ń sanwó, ẹ béèrè yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì, àga, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní i, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá béèrè ò ní rí i.

Ìbéèrè tí ẹ ní ká má rẹ́rìn-ín sí: bẹ́ẹ̀ ni, ìhòòhò ni. Ṣùgbọ́n obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ jókòó sórí àpótí kékeré, ẹ ó fi ọṣẹ wẹ̀, ẹ ó ṣan ara yín mọ́ tónítóní, kí ẹ tó wọnú omi gbígbóná náà lọ jókòó jẹ́ẹ́. Inú omi kọ́ ni wọ́n ti ń wẹ̀. Tí ojú bá ń tì yín, ọ̀pọ̀ ilé ní balùwẹ̀ tí tọkọtaya lè gbà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ tìlẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn kan kì í fẹ́ rí ara tí wọ́n ya nǹkan sí. Tí Màmá bá ní fínfín lápá bíi tàwọn ìyá wa, ẹ tètè sọ ọ́. Omi náà gbóná gan-an, ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó bi dókítà rẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá jáde tí ẹ wọ aṣọ yukata wọn, apá òsì ni kó bo apá ọ̀tún mọ́lẹ̀. Òkú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún lódìkejì.

Oúnjẹ ò ní yọ yín lẹ́nu tó bí ẹ ṣe rò. Àwọn ìlú orí òkè tí ẹ ń lọ jìnnà sí òkun, ẹja odò tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n fi iyọ̀ yan ni wọ́n ń jẹ, àti soba tí í ṣe irú núdù kan, àti màlúù agbègbè Hida, àti miso, ẹ̀wà sóyà kíkan tí wọ́n gún, tí wọ́n ń yan lórí ewé gbígbẹ ńlá. Mo fẹ́ràn gohei mochi jù: ìrẹsì tí wọ́n gún, wọ́n mọ ọ́n mọ́ igi, wọ́n fi miso àti irú àsálà tiwọn pa á lára, wọ́n yan án títí etí rẹ̀ fi gbẹ. Ẹ kàn ṣọ́ra, torí ilé àlejò lè gbé ẹja odò tútù tàbí ẹran ẹṣin tútù síwájú yín, ní agbègbè Nagano tí Tsumago wà pàápàá. Ìgbà tí ẹ ń sanwó ni kí ẹ ti kọ ọ́ pé Dádì ò jẹ ẹja tàbí ẹran tí a ò sè. Tí ẹ bá sọ ọ́ nídìí tábìlì, ẹ ti dójú ti alásè. Kò sí ata o. Ẹ béèrè ichimi, ata gbígbẹ lásán ni. Ẹ má fi kílíṣí tàbí sùyà sínú báàgì, wọn kì í jẹ́ kí ẹran wọlé láìní ìwé àṣẹ.

Ní ti àwọn oníbọ́ọ̀sì, mi ò ní bú wọn. Tí Dádì ò bá lè rìn ju ìṣẹ́jú 15 lọ láìsinmi, ẹ bá wọn lọ, ẹ má tijú. Wọ́n ń gbé ẹrù, wọ́n ń ka èèyàn. Ohun tí ẹ ó fi san án ni pé aago méjìlá ọ̀sán lẹ ó máa débi gbogbo, pẹ̀lú gbogbo ayé. Ọ̀nà àárín wà: ẹ kó ẹrù ńlá fún àwọn agbẹ́rù tí wọ́n ń pè ní takkyubin láti hòtẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn, ó sábà máa ń dé lọ́jọ́ kejì, kí ẹ máa gbé báàgì kékeré nìkan. Wíwa mọ́tò fúnra yín ṣeé ṣe, apá òsì tí ẹ ń gbà ní London náà ni wọ́n ń gbà, ẹ kàn nílò ìwé àṣẹ awakọ̀ àgbáyé tí wọ́n ń fúnni lábẹ́ àdéhùn 1949. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lójú òkè tóóró yẹn ò ní rí òkè náà ṣáá. Tí ìwé ìrìnnà yín bá jẹ́ ti Britain, ẹ ò nílò físà. Tí ti Dádì bá ṣì jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ bẹ̀rẹ̀ físà nísinsìnyí.

Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání. Nínú bọ́ọ̀sì abúlé, tí ẹ bá ń wọlé ẹ ó fa pépà kékeré kan tó ní nọ́ńbà. Pátákó kan wà lókè orí awakọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, owó abẹ́ nọ́ńbà yín á máa gòkè. Tí ẹ bá fẹ́ sọ̀, iye tó wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ dà sínú àpótí pẹ̀lú pépà náà, ẹ̀rọ tó ń ṣẹ́ owó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Àwọn èèyàn inú ọkọ̀ á wò yín, paapaa àwọn ọmọdé. Wọn ò rí irú wa tó. Ẹ tẹrí ba díẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín, nǹkan tí ẹ ti mọ̀ láti ilé ni.

Tí ẹ bá lè yan ọjọ́, ẹ ṣọ́ ọjọ́ 9 àti 10 oṣù kẹwàá. Àjọ̀dún Takayama ni, wọ́n á gbé àwọn ọkọ̀ àfọwọ́fà alárà jáde, ó rẹwà kọjá sísọ, ṣùgbọ́n yàrá ti máa ń tán ní oṣù púpọ̀ ṣáájú. Ẹ̀yìn oṣù náà ni ewé àfonífojì Kiso ń bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, èmi ì bá mú ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Mi ò lè ṣèlérí ewé, àti pé ìjì líle lè ṣì dé ní oṣù kẹwàá, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i. Kí Dádì sì wọ bàtà tí kò ní okùn. Ẹ ó bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé àlejò, ní ẹnu ọ̀nà ilé tíì, níwájú tẹ́ńpìlì, nígbà mìíràn lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ pàápàá. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ tú okùn bàtà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, orúnkún ló fi ń san án.